Sọ Ọ́ Kí N Lè Yà Á: Bí A Ṣe Ń Ṣe Àpèjúwe Àwòrán Onílà àti Onígun

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lórí ìwé yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ àwa olùkọ́ pàápàá lọ́gbọ́n.

Ní ọjọ́ kan, a pe akẹ́kọ̀ọ́ kan síwájú kíláàsì, a gbé àwòrán kan lé e lọ́wọ́, a sì ní kí ó fi pamọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àwòrán ènìyàn, ẹranko tàbí igi. Ìlà, igun àti òbírí nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ bíi mélòó kan. Iṣẹ́ ọmọ náà ni kí ó fi ẹnu sọ ohun tí ó rí. Iṣẹ́ àwọn yòókù ni kí wọ́n yà á sórí ìwé láì rí i.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ó dà bí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì." Kíá ni gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fèrèsé. Ọ̀kan ya èyí tí orí rẹ̀ ṣe róbótó, òmíràn ya èyí tí ó ní irin, ẹlòmíràn sì fi àgbélébùú sí àárín tirẹ̀. Nígbà tí a kó ìwé wọn jọ, kò sí méjì tí ó jọra, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tí ó jọ àwòrán tí a gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni a wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ. Ọmọ náà rí àwòrán dáadáa, ó sì lóye. Ohun tí ó kù sí i ni bí a ṣe ń gbé ohun tí ojú ẹni rí lé ọwọ́ ẹni tí kò rí i.

Bí a bá ní kí ènìyàn ya adìẹ, ìdajì iṣẹ́ ti parí kí a tó lanu, nítorí ó ti mọ̀ pé adìẹ ní ẹsẹ̀ méjì, àgógó àti ìyẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán tí kò jọ ohun kan láyé kò fún wa ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò bá sọ nípa rẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ kò ní i. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òun gan-an ni ó ń dán ọ̀rọ̀ ẹnu wa wò jù lọ.

ÌGBÀYÀ ÁÁRÓNÌ

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń ka Bíbélì. Nínú ìwé Ẹ́kísódù, Mósè nìkan ni ó gun orí òkè lọ gba àpẹẹrẹ àgọ́ àjọ àti ohun èlò inú rẹ̀. Besaleli àti Oholiabu, àwọn oníṣẹ́ ọnà tí Olúwa yàn, kò bá a dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ náà ti jáde. Ọ̀rọ̀ ni ó so ohun tí ẹnìkan rí lórí òkè pọ̀ mọ́ ohun tí ẹlòmíràn ṣe nísàlẹ̀. Nítorí náà ni orí ìwé wọ̀nyẹn ṣe kún fún ìwọ̀n tí àwa máa ń yára kà kọjá: pẹpẹ ẹbọ sísun gùn ní ìgbọ̀nwọ́ márùn-ún, ó fẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ márùn-ún, ó ga ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta, ìwo sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbàyà Áárónì, olórí àlùfáà, ní orí kejìdínlọ́gbọ̀n ìwé náà. Aṣọ onígun mẹ́rin tí ó dọ́gba ni, a sì ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìka ọwọ́ tí a nà, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọdíǹrín. Òkúta iyebíye méjìlá ni a tò sórí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹ̀yà Ísírẹ́lì kan sì wà lára òkúta kan. Bí a bá fún ọmọ kan ní Adégbàyí àti ọmọ kan ní Jerúsálẹ́mù ní ọ̀rọ̀ yìí, àpótí méjìlá kan náà ni àwọn méjèèjì yóò yà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà, ìyàtọ̀ yóò dé. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì kò fi ẹnu kò lórí orúkọ gbogbo òkúta wọ̀nyẹn, nítorí náà ohun tí ẹnìkan kùn ní pupa, ẹlòmíràn lè kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Iye àti ipò ti la ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kọjá láì yẹ̀. Orúkọ àwọ̀ ni ó sọnù lójú ọ̀nà.

ÌBÀDÀN DÙN

Kí a kúrò ní aginjù Sínáì, kí a padà sí ilé. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ láti Adégbàyí, tí ó gba Ìwó Róòdù wọ àárín ìlú, tí ó sì gun òkè Màpó, yóò rí gbọ̀ngàn tí a ṣí ní ọdún 1929 pẹ̀lú àwọn òpó gbàǹgbà tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn obìnrin aláàdìrẹ Ìbàdàn wo òpó wọ̀nyí, wọ́n sì gbé wọn sórí aṣọ. Aṣọ náà ni à ń pè ní Ìbàdàn Dùn, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí òkìkí wọn kàn jù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn a se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi di ẹ̀kọ. Wọn a fi ìyẹ́ adìẹ tí a bọ inú ẹ̀kọ náà ya ọnà sórí aṣọ funfun, wọn a sì jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni aṣọ yóò wọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní mu aró. Ibi tí kò bò yóò dúdú. Bí a bá ha ẹ̀kọ kúrò, ọnà yóò yọ. Abẹ́òkúta ni ó lókìkí fún fífi páànù tí a gé ní ọnà tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ. Ìbàdàn lókìkí fún fífi ọwọ́ yà á.

Bí a bá tẹ́ Ìbàdàn Dùn sílẹ̀, abala aṣọ méjì tí a rán pọ̀ ni a ó rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí yáàdì méjì ààbọ̀. A pín ojú aṣọ náà sí àpótí onígun mẹ́rin ní òòró àti ní ìbú, bí ẹni pín oko sí ebè. Inú àpótí kọ̀ọ̀kan ní ọnà tirẹ̀: ìlà, igun mẹ́ta, òbírí, ewé, ẹyẹ. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ láàrin àwọn àdìrẹ yòókù ni àpótí tí òpó Màpó àti ṣíbí tẹ̀ léra wọn nínú rẹ̀, òpó kan, ṣíbí kan, òpó kan, ṣíbí kan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá aláàdìrẹ kò kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé. Báwo wá ni ọnà náà ṣe ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ? Orúkọ ni. Aṣọ ní orúkọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọnà inú rẹ̀ náà sì ní orúkọ. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ wọn àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ti ní aṣọ náà lórí. Ìdí nìyí tí Ìbàdàn Dùn ti ìyá kan kò fi ní bá ti ìyá kejì dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà, síbẹ̀ tí ojú tí ó mọ̀ ọ́n yóò pe méjèèjì ní Ìbàdàn Dùn. Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ yí: àpótí, òpó àti ṣíbí. Ohun kan sì wà tí a fi sílẹ̀ fún ọwọ́ oníṣẹ́. Àpèjúwe tí ó dára gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin. Bí ẹni tí ó mọ orúkọ bá lọ, tí kò sì sí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, aṣọ nìkan ni ó kù, aṣọ a sì máa gbó. Ní ọdún 1971, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé kan jáde lórí àdìrẹ, èyí tí Jane Barbour àti Doig Simmonds jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó sì kó orúkọ àti ọnà jọ. A dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ohun tí ó wà nínú àpótí ìyá yín lè má sì sí nínú rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ MÉJÌ LÁTI ÒKÈ ÒKUN

Ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán kan wà tí ń jẹ́ Sol LeWitt, tí a bí ní ọdún 1928. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ṣe àwòrán ara ògiri, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ kìkì ìlà àti onígun. Ohun tí ó ń tà kì í ṣe ògiri. Ìwé ìlànà ni: iye ìlà, ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọn yóò parí sí, àti àwọ̀ wọn. Àwọn ẹlòmíràn ni yóò ka ìlànà náà tí wọn yóò sì yà á. Ó kú ní ọdún 2007; ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìṣàfihàn MASS MoCA ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣí àwòrán ògiri rẹ̀ 105 fún gbogbo ènìyàn, èyí tí àwọn ayàwòrán àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ wọn yà. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́.

Èkejì jẹ́ ìkìlọ̀. Piet Mondrian, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ àwòrán onílà di mímọ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 1941, ó fi téèpù aláwọ̀ ṣe iṣẹ́ kan tí a pè ní New York City I, kò sì fọwọ́ sí i. Láti ọdún 1980 ni àwòrán náà ti wà ní ìlú Düsseldorf ní Jámánì. Ní ọdún 2022, olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ kéde pé ó jọ pé orí rẹ̀ ni a dà kodò láti ìgbà pípẹ́, nítorí pé fọ́tò iyàrá iṣẹ́ Mondrian tí a yà ní 1944 fi ìdàkejì hàn. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí téèpù àtijọ́ má baà já bọ́. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀mọ̀wé, ta ni àwa tí a kò ní máa sọ ibi tí òkè wà?

ÌLÀNÀ MẸ́FÀ

Láti inú gbogbo èyí ni a ti kó ìlànà mẹ́fà jọ fún àwọn ọmọ wa.

Èkíní, sọ òkè àti ìsàlẹ̀. Sọ pẹ̀lú pé ọ̀tún tí o ń pè ni ọ̀tún ẹni tí ń wo àwòrán.

Èkejì, odindi ni kí ó ṣáájú ẹ̀yà. Ẹni tí ń kọ́lé kì í ti orí fèrèsé bẹ̀rẹ̀. Sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe rí, kí o tó sọ bí a ṣe pín in, kí o tó wọ inú yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, fi iye sọ̀rọ̀. "Ó tóbi díẹ̀" kì í ṣe ìwọ̀n. Bí rúlà kò bá sí, lo ìdajì, ìdá mẹ́ta tàbí ìdá mẹ́rin. Wọ̀n ọ́n láti etí kan tí ẹlòmíràn ti yà tán, má ṣe wọ̀n ọ́n láti inú òfìfo.

Ẹ̀kẹrin, sọ àjọṣe wọn. Ṣé wọ́n fara kan ara wọn ni? Ṣé ọ̀kan gorí èkejì ni? Bí ó bá gorí rẹ̀, èwo ni ó wà lókè?

Ẹ̀karùn-ún, àwọ̀ ni kí ó kẹ́yìn ìlà. Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti fi agbára rẹ̀ hàn. Yàtọ̀ sí funfun, dúdú àti pupa, ohun tí a jọ mọ̀ ni a fi ń pe àwọ̀: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, ẹsẹ̀ àlùkò. A tún ní pupa fòò àti pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn aláró sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀tù tí ó dúdú àti àyìnrín tí ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé pọ̀ nínú igbó. "Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ" dára ju "àwọ̀ ewé" lásán lọ.

Ẹ̀kẹfà, fi "ó dà bí" sí ìparí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán, o lè wá sọ pé ó dà bí fèrèsé, kí wọ́n fi yẹ iṣẹ́ wọn wò. Bí ó bá ṣáájú, fèrèsé ọkàn tiwọn ni wọn yóò yà.

Nígbà tí a tún eré náà ṣe pẹ̀lú ìlànà wọ̀nyí, àwọn àwòrán tí a kó jọ dà bí ọmọ ìyá. Wọn kò rí bákan náà tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ilé kan ni wọ́n ti wá.

Ẹ DÁN AN WÒ NÍLÉ

Ẹ mú ìwé, pẹ́ńsù, rúlà àti kọ́ńpáàsì. Kí òbí kà á, kí ọmọ yà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ ipò.

Kọ "òkè" sí orí ìwé. Ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Fa ìlà òòró kan láti etí òkè dé etí ìsàlẹ̀, kí ó jìnnà sí etí òsì ní sẹ̀ǹtímítà 8. Fa ìlà ìbú kan láti etí òsì dé etí ọ̀tún, kí ó jìnnà sí etí òkè ní sẹ̀ǹtímítà 12. Yàrá mẹ́rin ti wà báyìí.

Yàrá òsì lókè: fa ìlà ìbú mẹ́ta tí yóò pín in sí ọ̀já mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 3. Láti òkè, kun ọ̀já kìíní àti ìkẹta ní pupa fòò. Jẹ́ kí ìkejì àti ìkẹrin wà ní funfun.

Yàrá ọ̀tún lókè: fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì sí àárín gbùngbùn rẹ̀, kí o sì ya òbírí tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 láti àárín dé etí. Kun inú òbírí ní àwọ̀ èso ìyeyè tí ó pọ́n. Jẹ́ kí ìta rẹ̀ wà ní funfun.

Yàrá òsì nísàlẹ̀: fa ìlà kan láti igun òsì lókè yàrá náà dé igun ọ̀tún nísàlẹ̀ rẹ̀. Igun mẹ́ta méjì ni yóò yọ. Kun èyí tí ó wà lápá ọ̀tún lókè ní dúdú. Jẹ́ kí èkejì wà ní funfun.

Yàrá ọ̀tún nísàlẹ̀: kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ aró.

Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Yàrá méjì nínú mẹ́rin gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì ti gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn, ìyẹn oríta tí ìlà òòró àti ìlà ìbú ti pàdé. Igun dúdú kan gbọ́dọ̀ wà ní oríta náà. Dúdú àti aró gbọ́dọ̀ jọ pín ààlà sẹ̀ǹtímítà 8. Bí ti ọmọ yín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má yára bá a wí. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bí ẹ ṣe kà á.

ÌDÍ TÍ Ó FI KAN GBOGBO WA

Òbí lè béèrè pé kí ni èyí yóò ṣe fún ọmọ tí ń múra ìdánwò àṣejáde. Ẹ wo ìbéèrè ìṣirò níbi tí a ti ní kí wọ́n fi rúlà àti kọ́ńpáàsì ya onígun mẹ́ta: ọ̀rọ̀ nìkan ni a fún wọn, àwòrán kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó ti kọ́ láti sọ ọ́ kí ẹlòmíràn yà á kò ní sọnù nígbà tí a bá sọ ọ́ fún òun. Bákan náà ni nọ́ọ̀sì tí ń ròyìn egbò fún dókítà lórí fóònù, àti ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún afọ́jú. Gbogbo wọn ní ìfẹ́ sí ẹnìkejì, nítorí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ dáadáa ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí kò rí.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ lọ sí ìdí àpótí ìyá yín tàbí ìyá ìyá yín. Bí àdìrẹ àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà. Ẹ yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi mọ síbẹ̀. Fọ́tò kì í sọ orúkọ. Ẹ ka àpótí rẹ̀ ní òòró àti ní ìbú, ẹ béèrè orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ọmọ tí kò tíì rí aṣọ náà rí lè yà á. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wa. A ó gbé e lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, a ó sì rí i bóyá ọ̀rọ̀ yín tó.

Kí Olúwa tí ó fi ọgbọ́n sínú Besaleli fi sínú àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Àmín.